Wíwò Yàtọ̀ sí Wíwòsàn

Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè a máa fẹ́ràn láti tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ bí mẹkáníìkì ti ń tú ẹ́ńjìnnì, kí a lè rí bí a ti ṣe tò ó. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti tú palẹ̀ rí ní kíláàsì láìkà á sí, tí mo sì tún ní láti tú palẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n ìyá mi nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ ọmú ti bá a rìn jìnnà. Ọ̀rọ̀ náà ni "wòsàn". Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó wà nínú rẹ̀, "wò" àti "sàn". Olóògùn a máa wò, ara a sì máa sàn. Àwa Yorùbá ti so méjèèjì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pe ilé tí a ń gbé aláìsàn lọ ní ilé ìwòsàn, àfi bí ẹni pé ẹni tí ó bá ti wọ inú rẹ̀ kò lè ṣàì sàn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀, nítorí láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó jẹ mọ́ àlejò àti onílé ni wọ́n ti fa "hospital" tiwọn yọ. Àwọn Faransé ẹ̀wẹ̀ ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: "soigner" ni kí a tọ́jú aláìsàn, "guérir" ni kí ó sàn. Ibi tí àwa ti so ó pọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ wà, nítorí àárín "wò" àti "sàn" gan-an ni àwọn tí ń ta àgbo fún àrùn jẹjẹrẹ pàtẹ ọjà wọn sí.

Ìyá Ládìpọ̀ ni gbogbo ẹbí wa ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, nítorí pé ó ti ń gbé Ládìpọ̀ kí wọ́n tó bí mi, ilé rẹ̀ ni èmi náà sì wọ̀ sí nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Akọkà. Ẹni tí ó bá mọ Ládìpọ̀ ní Mushin yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Nàìjíríà wà. Ẹ́ńjìnnì ń bẹ níbẹ̀, gíá ń bẹ níbẹ̀, ilẹ̀kùn ọkọ̀ àti iná iwájú ń bẹ níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, tòkunbọ̀ ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ará wa Ìgbò ni ó pọ̀ jù nínú àwọn oníṣòwò náà. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì ni Ìyá Ládìpọ̀ ń tà fún wọn, wọ́n sì ti kọ́ bí a ti ń jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ dáadáa, débi pé ọ̀kan nínú wọn máa ń bá a jà bí ewédú bá kéré.

Kókó kan yọ sí i ní ọmú òsì. Ó rò pé àpò owó tí ó máa ń kì bọ àyà ni ó ń tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Kò dùn ún, nítorí náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì gbé e káàkiri ju ọdún kan lọ. Nígbà tí ó di ohun tí aṣọ kò lè bò mọ́, ó tọ ẹlẹ́wé ọmọ kan lọ ní Mushin, ẹni tí ó ti mọ̀ láti ìgbà tí ó ti ń ra àgbo fún àwọn ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà fún un ní àgbo tí yóò máa mu láàárọ̀ àti lálẹ́, ó fún un ní àgúnmu tí yóò máa fi ẹ̀kọ gbígbóná mu, ó sì po ìpara mọ́ òrí fún un láti máa fi pa ojú ibẹ̀. N kò ní í bú obìnrin yìí, nítorí pé kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Owó tí ó gbà kò tó owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ó rí kókó náà bí eéwo tí kò tíì pọ́n, ohun tí ó sì mọ̀ nípa eéwo ni ó ṣe sí i.

Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwọn ń bí mi nínú. Ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin kan tí ó máa ń polówó nínú ọkọ̀ dánfó, tí ó ní ìgò àgbo òun kan ṣoṣo ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó sì ń wo jẹjẹrẹ. Mo gba ìgò náà, mo ka ara rẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀, òun ni àwọn ènìyàn sì fi ń gbẹ́kẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tíńtìntín, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ó wí pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olóògùn náà sọ wò. NAFDAC fúnra rẹ̀ ni ó ní kí àwọn alágbo máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni nínú àwọn tí ó jókòó fún ara wọn pinpin nínú dánfó ni ó lè rí lẹ́tà yẹn, kí a má tilẹ̀ sọ pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò yé e? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta gíá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ó ti ń ta oúnjẹ gbé ewé ṣáwáṣọ́ọ̀pù gbígbẹ wá, ìfẹ́ ni ó sì fi gbé e wá, nítorí ó ti gbọ́ pé ó lágbára ju oògùn òyìnbó lọ. Ohun tí a rí pé ewé náà ń ṣe nínú àwo ìdánwò kì í ṣe ohun tí a tíì rí i kí ó ṣe lára ènìyàn. Ní 1999 ẹ̀wẹ̀, àwọn dókítà ní erékùṣù Guadeloupe kọ ìwé pé àìsàn kan tí ó jọ gbọ̀ngbọ̀n ti Parkinson wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń jẹ èso rẹ̀ tí wọ́n sì ń mu ewé rẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Orúkọ àrùn yìí pàápàá ń ṣe mí ní kàyéfì. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ fi orúkọ akàn pè é, àwọn ará Róòmù sì túmọ̀ rẹ̀ sí "cancer", tí í ṣe akàn náà ní Látìnì. Àwọn Hausa ń pè é ní "ciwon daji", daji sì ni igbó. Ní tiwa, etí mi kò lè gbọ́ "jẹjẹrẹ" kí ó má gbọ́ "jẹ" nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé jíjẹ ẹ̀ẹ̀kan kò tó o. N kò wí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùkọ́ mi yóò nà mí bí mo bá wí bẹ́ẹ̀ láìní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n Ìyá Ládìpọ̀ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í pè é. "Nǹkan yìí" ni ó ń wí.

Nígbà tí ojú kókó náà là tí ó di egbò, ẹlẹ́wé ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó wí fún un pé, "Ìyá, èyí ti ju ọwọ́ mi lọ o, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn." Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ni ó ń dá ará Ládìpọ̀ dúró. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, ní Mushin kan náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí a ń pè ní NSIA-LUTH sí ní 2019. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìyá Ládìpọ̀ obìnrin tí yóò máa sanwó ń gbé òdìkejì ìlú, nítorí náà ilé ìwòsàn mìíràn tí ó wà lọ́hùn-ún ni a gbé e lọ. Wọ́n gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ya àwòrán inú ara rẹ̀, wọ́n sì rí i pé àrùn náà ti dé egungun ẹ̀yìn àti ẹ̀dọ̀fóró.

Dókítà náà kì í ṣe Yorùbá. Èmi ni wọ́n mú wọlé láti túmọ̀, nítorí pé ẹ̀kọ́ èdè ni mò ń kọ́, gbogbo ẹbí sì rò pé iṣẹ́ mi nìyẹn. Gbólóhùn méjì péré ni ọkùnrin náà sọ: pé àwọn lè "treat" rẹ̀, pé àwọn kò lè "cure" rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wò ó bí ẹ̀yin ni ẹ wà níbẹ̀. Bí mo bá wí pé wọn yóò wò ó, "sàn" ni yóò gbọ́ tẹ̀lé e, nítorí bẹ́ẹ̀ ni èdè wa ti kọ́ ọ láti kékeré. Bí mo bá sì wí pé kò lè sàn, yóò gbọ́ pé wọn kò ní í wò ó, yóò sì dìde lọ. Mo dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wí pé, "Màámi, wọ́n ní àwọn yóò máa wo àìsàn náà, àwọn yóò máa tọ́jú yín kí ó má baà yára, kí ara sì lè rọ̀ yín, ṣùgbọ́n kò ní í tán lára yín."

Ó wò mí lójú fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, wíwò ni wọn ó máa wò ó, kì í ṣe wíwòsàn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó ní, "Ó dáa. O ṣeun tí o kò purọ́ fún mi."

Obìnrin tí kò kọjá ìwé mẹ́fà ni ó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ kíákíá bẹ́ẹ̀, tí ó sì rí ìsopọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀ nílé ó tilẹ̀ fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ní ní Ládìpọ̀, ohun tí ó bá bàjẹ́, wọn a yọ ọ́, wọn a sì fi tòkunbọ̀ sí i. Ti òun ni kò tíì bá ọkọ̀ ojú omi dé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn sí i lára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Òun náà kò sì dá àgbo dúró. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó dá mi lóhùn pé, "Àwọn dókítà ní 'wò' ni tiwọn. Ta ni yóò wá bá mi mú 'sàn' wá?" N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé àìmọ̀kan ni ó ń gbé àwọn aláìsàn lọ sí ìdí àgbo. Ti Ìyá Ládìpọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀. Ẹni tí a ti sọ òtítọ́ fún kò tìtorí rẹ̀ yéé fẹ́ kí ara òun yá, bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo ìlú ni ó ń ta ohun tí ó ń fẹ́, ọ̀dọ̀ ẹni náà ni yóò lọ, ìbáà jẹ́ òfìfo ìgò ni ó wà nínú àpótí rẹ̀.

Kò sì dá wà. Ní 2007, àwọn olùwádìí méjì ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Enugu tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn jẹjẹrẹ 160. 104 nínú wọn ti lo oògùn ìbílẹ̀ tàbí irú ìtọ́jú mìíràn tí kì í ṣe ti dókítà, ewé àti egbò sì ni ó wọ́pọ̀ jù. Ju ìdajì àwọn tí ó lò ó lọ ni kò sọ fún dókítà wọn, ìdí tí ọ̀pọ̀ wọn sì sọ ni pé dókítà kò bi àwọn. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe pé ojú tì wọ́n, kì í ṣe pé ẹ̀rù bà wọ́n. A kò bi wọ́n ni.

Ìyá Ládìpọ̀ náà kò sọ, títí di ọjọ́ kan tí ó dìde nídìí ìkòkò gbẹ̀gìrì tí ojú rẹ̀ ṣú, tí ó sì ṣubú. Àwọn ọmọkùnrin tí ń ta ẹ́ńjìnnì ni ó gbé e. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ìfúnpá rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gidigidi. Wọ́n bi í bóyá ó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jù, ó ní rárá. Nígbà náà ni ó yíjú sí mi, ó ní, "Mú un fún wọn." Ìgò oníke kan ni, ó wà nínú báàgì rẹ̀.

Dókítà kò bínú. Ó kàn béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni. Mo pe ẹlẹ́wé ọmọ lórí fóònù, ó sì dárúkọ wọn fún mi láìpa ọ̀kan mọ́: ewúro, èpo òrúwo, efinrin, egbò asofẹ́yẹjẹ. Dókítà ní òun kò mọ ìkankan nínú wọn. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé èmi tí mò ń kọ́ èdè ni ó lọ sí ilé ìkàwé. Pierre Verger, ará Faransé tí a sọ ní Fátúmbí, ti kó orúkọ ewé Yorùbá jọ pẹ̀lú orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè wọ́n nínú ìwé Ewé tí wọ́n tẹ̀ ní Brazil ní 1995. Ìwé náà jẹ́ ohun tí àwa ẹlẹ́kọ̀ọ́ èdè fẹ́ràn, nítorí ó fi hàn bí orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà nínú ọfọ̀ rẹ̀ ti ń jẹ́ ara wọn lóhùn. Lọ́jọ́ náà n kò wo ọfọ̀ kankan. Asofẹ́yẹjẹ ni mo ń wá, ewéko tí ń so fún ẹyẹ jẹ, mo sì rí i: Rauvolfia vomitoria. Ohun tí a ń pè ní reserpine wà nínú egbò rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yọ lára ìbátan rẹ̀ ti ilẹ̀ Íńdíà ní 1952, tí wọ́n sì lò káàkiri ayé láti fi mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Àwọn baba wa ti mọ agbára rẹ̀ tipẹ́, òun ni wọ́n fi ń mú orí wèrè tutù. Ìyá Ládìpọ̀ ń mu ún mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà fún un. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé nǹkan méjì tí ń fa ìfúnpá wálẹ̀ ni ó wà lára rẹ̀ pọ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wí níwájú mi pé ewé kò lágbára, n kò ní í gbà fún un. Oògùn tí wọ́n ń fà sí Ìyá Ládìpọ̀ lára gan-an, paclitaxel, láti ara èpo igi ni ó ti wá. Igi yew ni, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní 1962 ni wọ́n bó èpo rẹ̀ lọ fún ìdánwò. Ní 1971 ni Monroe Wall àti Mansukh Wani fi bí a ti tò ó hàn fún ayé. Ọdún 1994 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ọmú. Mo sọ ìtàn yìí fún un ní ìrọ̀lẹ́ kan, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní, "Ó kúkú jẹ́ pé èpo igi ni! Kí ni wọ́n wá ń bá ẹlẹ́wé ọmọ jà sí?"

Mo ní, "Màámi, májèlé ni igi náà. Ẹni tí ó bá sè é mu bí àgbo, ó lè pa á. Ìwọ̀n tí yóò pa àrùn tí kò ní í pa ènìyàn ni wọ́n fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn wá."

Ó dákẹ́, ó ń ronú. Ó rántí pé kí wọ́n tó fa oògùn sí òun lára, wọn a kọ́kọ́ gbé òun lé òṣùwọ̀n, wọn a sì wọn gígùn òun. Ó ní ẹ̀kúnwọ́ ni ẹlẹ́wé ọmọ ń bù, àti pé ọwọ́ obìnrin náà tóbi. Láti ọjọ́ náà ni kò ti mu àgbo náà mọ́. Ewúro inú ọbẹ̀ ni ó kù, dókítà ní kí ó máa jẹ ẹ́.

Mo tún sọ fún un nípa ìwádìí tí Skyler Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yale tẹ̀ jáde ní 2018, lórí àwọn aláìsàn 281 ní Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ ti dókítà sílẹ̀ pátápátá tí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Jẹjẹrẹ wọn kò tíì ràn kúrò níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà àtisàn ṣì là fún wọn. Àwọn tí ó ní ti ọmú nínú wọn, ewu ikú wọn ju ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú dókítà lọ ní ìlọ́po márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sì sọ ti Betty Anyanwu-Akeredolu fún un, ẹni tí wọ́n rí jẹjẹrẹ ọmú lára rẹ̀ ní 1997, tí ó gba ìtọ́jú, tí ó sì dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti máa kìlọ̀ fún àwọn obìnrin. Ìyá Ládìpọ̀ gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ìyẹn ni pé 'sàn' wà ní ilé ìwòsàn náà, àárọ̀ ni wọ́n ń tà á." N kò mọ ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan tí ó tún ṣẹlẹ̀ nìyí. Dókítà náà ní kí n kọ́ òun bí a ti ń béèrè rẹ̀ ní Yorùbá. Mo kọ ọ́ sí orí ìwé fún un: "Kí ni ẹ tún ń mu nílé, mà?" Mo sọ fún un pé kí ó má gbàgbé "tún", nítorí pé bí kò bá sí "tún", ẹ̀sùn ni ìbéèrè náà yóò dà, bí ó bá wà níbẹ̀, obìnrin tí ó jókòó síwájú rẹ̀ yóò mọ̀ pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì ní ohun tí ó ń fi pa mọ́ mọ́. Ó ń pè é bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń dá a lóhùn.

Àrùn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Oògùn náà mú àrùn dúró fún oṣù mẹ́jọ, Ìyá Ládìpọ̀ sì ta àmàlà nínú mẹ́fà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni egungun ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún tí kò jẹ́ kí ó sùn, wọ́n sì fún un ní morphine, tí í ṣe omi kíkorò tí a ń fi ṣíbí kékeré wọ̀n. Láti ara òdòdó kan ni òun náà ti wá. Ará Jámánì kan, Sertürner, ni ó kọ́kọ́ yọ ọ́ ní nǹkan bí igba ọdún ó lé sẹ́yìn, tí ó fi orúkọ òrìṣà àlá àwọn Gíríìkì pè é. Ó mu ún, ó sì sùn. Ó ní èyí kò tilẹ̀ díbọ́n pé òun yóò mú "sàn" wá, àti pé òun fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ilé rẹ̀ ní Ládìpọ̀ ni ó kú sí, ní òwúrọ̀, pẹ̀lú ariwo àwọn tí ń lu irin lẹ́yìn fèrèsé.

Ẹlẹ́wé ọmọ wá sí ìsìnkú. Lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti túká, ó pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní àwọn obìnrin mìíràn ṣì ń mú irú kókó bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ òun, àti pé kí n sọ fún òun bí òun yóò ṣe mọ èyí tí kì í ṣe eéwo. Mo sọ èyí tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn dókítà: kókó tí kò lọ, awọ tí ó sún kì bí èèpo ọsàn, orí ọmú tí ó wọ inú lọ, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde níbẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ó máa ń dunni?"

Mo ní lọ́pọ̀ ìgbà kì í dunni ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ó mi orí. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun ní Yorùbá, gàdàgbà gadagba, kí ọmọ òun tí ó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì lè máa kà á fún wọn. Mo kọ ọ́ sí ojú páálí kan tí wọ́n fi di gíá tòkunbọ̀ wá láti òkè òkun, nítorí òun ni mo rí nítòsí, ó sì kì í bọ abẹ́ apá, ó gbé e lọ.